Físà wa ti tán: ṣé a lè gba abẹ́rẹ́ Kòrónà kí wọ́n má mú wa?

Ìbéèrè. Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin òbí tó wà nílùú ọba. Físà wa ti tán láti ọdún tó kọjá. Ọmọ ọdún 13 ni Fèyí, ilé ẹ̀kọ́ ti fún un ní fọ́ọ̀mù abẹ́rẹ́ Kòrónà. Àbúrò rẹ̀ pé ọdún 4, káàdì abẹ́rẹ́ tó gbà n'Íbàdàn nìkan ló ní. Èmi àti bàbá wọn ò tíì gba ẹyọ kan, a ò sì ní GP (dókítà àdúgbò). Bí a bá yọjú, ṣé wọn ò ní tibẹ̀ fà wá lé Home Office, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí físà, lọ́wọ́? — Ìyá Fèyí, London, oṣù kẹwàá 2021.

Ìdáhùn (bó ṣe rí ní oṣù kẹwàá 2021; ètò abẹ́rẹ́ àti àyẹ̀wò Kòrónà ti yí padà láti ìgbà náà). Ìyá Fèyí, ẹ lọ gbà á. Láti oṣù kejì ọdún 2021 ni ìjọba ti sọ ọ́ síta pé ẹni tó ní ìwé àtẹni tí kò ní, ọ̀fẹ́ ni abẹ́rẹ́ náà, wọn ò sì ní yẹ físà ẹnikẹ́ni wò. Ní 2021 yìí, àyẹ̀wò Kòrónà àti ìtọ́jú rẹ̀ náà ò lówó nínú.

Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ wá ibi tí èèyàn lè yà wọlé sí láìgba àkókò ṣáájú. Wọ́n á béèrè orúkọ, ọjọ́ ìbí àti àdírẹ́sì. Bí wọ́n bá béèrè nọ́ńbà NHS (ètò ìlera ìjọba), tó jẹ́ díjíìtì 10, ẹ ní ẹ ò ní. Wọn ò gbọdọ̀ torí ẹ̀ dá yín padà. Tó bá jẹ́ abẹ́rẹ́ Pfizer, ẹ jókòó fún ìṣẹ́jú 15 kí ẹ tó máa lọ. Ọ̀sẹ̀ 8 sígbà náà, ìkejì. Orúkọ ló sábà máa ń da nǹkan rú fáwa Yorùbá. Ẹni tó kọ Olúwaṣeun Adébáyọ̀ lákọ̀ọ́kọ́, tó wá kọ Adébáyọ̀ Ṣeun lẹ́ẹ̀kejì, èèyàn méjì ló dà lójú kọ̀ǹpútà, olúkúlùkù pẹ̀lú abẹ́rẹ́ kan. Bó ṣe wà nínú páàsípọ̀ọ̀tì ni kí ẹ kọ ọ́ nígbà méjèèjì, kí ẹ sì tọ́jú káàdì pélébé tí wọ́n bá fún yín.

Ọ̀dọ̀ GP gan-an lọ̀rọ̀ wà. Fọ́ọ̀mù GMS1, tí wọ́n fi ń forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ GP, lẹ máa kọ. Òfin ò sọ pé kí ẹ mú páàsípọ̀ọ̀tì tàbí bíìlì iná wá, àmọ́ ẹni tó wà ní kántà lè béèrè é bí ẹni pé dandan ni. Ibẹ̀ ni wọ́n ti dá mi padà ní 2016. Ọmọ mi ọkùnrin dúró tì mí, ọmọ ọdún 8, àyà rẹ̀ ń dún bíi fèrè. Mo fà á lọ́wọ́, a jáde. Nígbà tá a dé bọ́ọ̀sì ló bi mí pé, «Mummy, kí la jí?» Ọdún méjì gbáko la ò fi padà, agbo ni mo ń fún un lóru. Àwọn kan á ní kí ló dé tí n ò béèrè. Ta ni kí n bi?

Ohun tí ǹ bá sọ rèé: «Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ìdí tẹ́ ẹ ò fi gbà mí sórí ìwé.» Ọjọ́ 14 lòfin fún wọn láti kọ ọ́, àìní ìwé ìdánimọ̀ ò sì sí lára ìdí tó mọ́gbọ́n dání. Ohùn wọn á yí padà. Tí kò bá yí, ẹ lọ sí GP mìíràn tó wà lágbègbè yín.

Ní ti Home Office, àdéhùn tí wọ́n fi ń gba àdírẹ́sì aláìsàn lọ́wọ́ NHS Digital, ẹ̀ka NHS tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ aláìsàn, ti fọ́ ní 2018, àyàfi ti ọ̀daràn ńlá. Wọ́ọ̀dù ọsibítù ló yẹ kí ẹ ṣọ́ra fún. Bí wọ́n bá gbà yín síbẹ̀ fún àìsàn mìíràn, owó rẹ̀ lè jẹ́ ìdá 150 nínú ọgọ́rùn-ún iye tó ń ná NHS, gbèsè tó bá sì tó £500, tó kọjá oṣù méjì láìsan, wọ́n lè fi tó Home Office létí. Ìyẹn ò kan GP, kò kan abẹ́rẹ́.

Ẹ buwọ́ lu fọ́ọ̀mù Fèyí, abẹ́rẹ́ ẹyọ kan ni wọ́n ń fún ọmọ ọdún 12 sí 15 ní oṣù kẹwàá 2021 yìí. Níbi tí wọ́n bá ti béèrè GP, ẹ fi í sílẹ̀ lófìfo.

Ti kékeré, ẹ mú káàdì Ìbàdàn dání. Abẹ́rẹ́ tó gbà lóṣù mẹ́sàn-án, àrùn èéyí (measles) nìkan ló wà fún, kò sí segede tàbí rubella (àrùn kan tó jọ èéyí) nínú ẹ̀. Ṣáájú ọdún kan náà ni, wọn ò ní kà á níbí. Nítorí náà, MMR (abẹ́rẹ́ èéyí, segede àti rubella pa pọ̀) méjì ni yóò gbà, ó kéré tán oṣù kan láàárín wọn. Bí káàdì bá sọ nù, bí ẹni tí kò gbà rí ni wọ́n á ṣe é, kò léwu.

Ẹ má mú Fèyí lọ ṣe ògbufọ̀ ní kántà. Ẹ béèrè ògbufọ̀ lọ́wọ́ wọn, ọ̀fẹ́ ni. Lẹ́yìn ọjọ́ tí wọ́n dá mi padà yẹn ni mo kìlọ̀ fún ọmọ tèmi pé kó má sọ Yorùbá nínú bọ́ọ̀sì, kẹ́nikẹ́ni má baà bi wá ní ibi tá a ti wá. Ó ti pé ọdún 13 báyìí. Bí mo bá fi Yorùbá bá a sọ̀rọ̀ níta, á kọ́kọ́ wẹ̀yìn, á wá fi òyìnbó dá mi lóhùn.