Kí ló dé tí àwàdà tí ò ju gbólóhùn méjì lọ fi máa ń pa wá lẹ́rìn-ín?

Ọ̀rọ̀ kan náà ló ní ìtumọ̀ méjì, ọpọlọ ẹni tó ń gbọ́ á ti yára mú ọ̀kan, ìgbà tí ìdáhùn bá jáde ló máa ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i pé èkejì ni wọ́n ń sọ, ibẹ̀ lẹ́rìn-ín ti ń bọ́. Ẹ wo èyí:

"Kí lo jẹ láàárọ̀ yìí?"
"Gbèsè."

Oúnjẹ lèèyàn ń retí, àmọ́ a máa ń jẹ gbèsè, a máa ń jẹ̀yà, a tún ń joyè. Àbí "Ta ló mú ẹ lánàá?" "Òtútù." Ìdáhùn ò ju ọ̀rọ̀ kan lọ o, tẹ́ ẹ bá ní "rárá, mi ò tíì jẹun, gbèsè ni mo kàn jẹ", ẹ ti tú u palẹ̀, àwàdà yẹn ti kú nìyẹn.

Ti àmì ohùn yàtọ̀ díẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa ṣi ọkọ àti ọkọ̀ gbọ́ lẹ́nu, àmọ́ tẹ́nì kan bá tẹ "oko mi ti gbo, mo fe ta a ki n ra tuntun" sórí WhatsApp láìfi àmì kankan sí i, ó kù sọ́wọ́ ẹni tó ń kà á bóyá mọ́tò ni àbí baálé ilé.

Àwọn àgbà wa náà ń ṣe é nínú àlọ́ àpamọ̀: òkun ń hó yaya, ọ̀sà ń hó yaya, ọmọ burúkú torí bọ̀ ọ́. Ọmọrogùn ni! Èmi fẹ́ràn ìyẹn jù, torí "ọmọ" yẹn ti wà nínú orúkọ ẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀.