Ìyàwó Méjì àti Ìrìbọmi

Ìbéèrè: Bàbá mi ní ìyàwó méjì, wọ́n sì fẹ́ ṣèrìbọmi ní ìjọ Áńgílíkà. Ṣé dandan ni kí wọ́n kọ ọ̀kan sílẹ̀?

Ìdáhùn: Rárá o. Ní 1888, ìpàdé Lambeth, ìyẹn ìpàdé àwọn bíṣọ́ọ̀bù Áńgílíkà láti gbogbo ayé, kọ̀ láti ṣèrìbọmi fún irú wọn. Ìpinnu 26 tí ìpàdé kan náà ṣe ní 1988 ló ṣí ọ̀nà: wọ́n lè ṣèrìbọmi, kí bíṣọ́ọ̀bù sì gbọ́wọ́ lé wọn, pẹ̀lú àwọn ìyàwó àti ọmọ tó gbàgbọ́. Ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́dọ̀ jẹ́jẹ̀ẹ́ pé àwọn ò ní fẹ́ ẹlòmíràn níwọ̀n ìgbà tí ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó yìí bá wà láàyè, kí ìjọ àdúgbò sì fọwọ́ sí i. Wọn ò ní fipá mú wọn kọ ìyàwó kankan sílẹ̀, nítorí ìyà tó máa jẹ obìnrin tí wọ́n bá lé jáde, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Àmọ̀ràn ni ìpinnu Lambeth, kì í ṣe òfin. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ bi àlùfáà yín léèrè ohun tí òfin ìjọ yín sọ. Ẹ má fi ìyàwó kankan pa mọ́ fún wọn.