Ẹ Bi Mí: Ta Ló Mọ Ìkòkò Yìí?

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀yin òǹkàwé mi. Láti ìgbà tí mo ti sọ ọ́ síbí pé mo lọ wo ìpàtẹ ìkòkò tí àwọn amọ̀kòkò mọ́kànlá ṣe papọ̀ ní Bódìjà, n'Ìbàdàn, lẹ́tà kò dáwọ́ dúró. Mo dúpẹ́ gan-an. Ìpetumodù ni wọ́n ti bí ìyá mi, inú ebu, ibi tí wọ́n ti ń mọ ìkòkò, ló sì dàgbà sí. Mọ́lété níbí lèmi dàgbà sí ní tèmi, ṣùgbọ́n gbogbo ìsinmi ilé-ìwé ló ń bá mi lọ́dọ̀ ìyá ìyá mi, tí amọ̀ á lẹ̀ mọ́ mi lẹ́sẹ̀ dé orúnkún. Ọ̀rọ̀ yìí kò lè sú mi. Lẹ́tà márùn-ún ni mo mú lóṣù yìí.

*

*Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi àti ọkọ mi lọ síbi ìpàtẹ náà. Àmù omi kan wù wá, ni wọ́n bá ní ₦38,000 ni. Ní ọjà Bódè, mo ra èyí tó tóbi jù ú lọ, owó rẹ̀ kò tó ìdajì ìyẹn. Ṣé wọn ò fẹ́ rẹ́ wa jẹ báyìí?*
*Abilékọ kan, Òkè-Àdó*

Wọn ò rẹ́ yín jẹ, ọmọ mi. Iye tí wọ́n ń tà á ní Bódè gan-an ló ń dùn mí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí àmù ṣe ń dé ọwọ́ yín. Kì í ṣe gbogbo amọ̀ ló ṣe é mọ. Èyí tí iyanrìn pọ̀ nínú rẹ̀ jù kò ní di ara rẹ̀ mú, èyí tó bá sì lẹ̀ jù, á sán nígbà tó bá ń gbẹ. Tí wọ́n bá rí èyí tó dára, wọ́n á wà á, wọ́n á rù ú wálé, wọ́n á rẹ ẹ́ sómi, wọ́n á ṣa òkúta àti gbòǹgbò inú rẹ̀ dànù, wọ́n á wá máa fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ títí á fi kúnná. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á dojú ìkòkò àtijọ́ kan délẹ̀, wọ́n á tẹ́ amọ̀ lé ìdí rẹ̀ kí ìdí tuntun lè rí bíi tirẹ̀. Tí ìyẹn bá gbẹ díẹ̀, wọ́n á yí amọ̀ bí okùn, wọ́n á máa fi mọ ara rẹ̀ lọ sókè. Kò sí kẹ̀kẹ́ tó ń yí níbẹ̀ o. Ìyá àgbà mi fúnra rẹ̀ ló ń bẹ̀rẹ̀, tó ń rìn yí ìkòkò po. Ewé tútù ló fi ń dán ètè rẹ̀, ṣùkù àgbàdo ló fi ń yí ọnà sí i léjìká.

Kò tíì tán. Ó gbọ́dọ̀ gbẹ dénú. Tí wọ́n bá kánjú gbé e síná, omi tó kù nínú amọ̀ á di ooru, á sì fọ́ ìkòkò náà pẹ́ú. Ìta gbangba ni wọ́n ti ń sun ún, pẹ̀lú igi, imọ̀ ọ̀pẹ àti koríko gbígbẹ. Ọdún kan wà tí òjò ṣú lójijì nígbà tí iná ṣì ń jó. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ìyá àgbà jókòó sáàárín eérú, ó ń fi oríkèé ìka kan ìkòkò kọ̀ọ̀kan, ó ń tẹ́tí. Èyí tó bá dún gban-an bí agogo, ó lọ sọ́wọ́ ọ̀tún. Èyí tó bá dún kẹ̀kẹ̀, tí ojú ò tiẹ̀ tíì rí ibi tó ti sán, ó lọ sọ́wọ́ òsì. Ogún la kó síná. Méje ló bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tún. Kò sọkún, ṣùgbọ́n kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ títí di ọ̀sán.

Owó àwọn mẹ́tàlá yẹn ti wà lórí èyí tí ẹ rà. Ní Bódè, ẹni tó ń tà á ti rà á lọ́wọ́ ẹni tó rà á lọ́wọ́ ìyá tó mọ ọ́n, ohun tó sì dé ọwọ́ ìyá yẹn kò tó nǹkan. Nítorí náà, tí ẹ bá padà síbi ìpàtẹ, ẹ má wulẹ̀ ná an wálẹ̀. Ẹ bi wọ́n ní gbangba pé, "Nínú ₦38,000 yìí, èló ló ń dé ọwọ́ ẹni tó mọ ọ́n?" Tí èsì wọn bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ sanwó tayọ̀tayọ̀. Bí kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, mo fara mọ́ ọn kí ẹ fi sílẹ̀.

*

*Ẹ káàsán, Màmá. Àmù tí mo rà níbẹ̀ ń làágùn. Gbogbo ara rẹ̀ ló tutù, ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ sì máa ń rin. Àbúrò mi ní kí n fi ọ̀dà kun ún.*
*Bàbá Ìbejì, Challenge*

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ọ̀dà kàn án! Òógùn yẹn ni iṣẹ́ rẹ̀. Ara amọ̀ tí wọ́n sun ní ìta gbangba kò dí pátápátá, ó ní ihò wínníwínní tí ojú ò lè rí. Omi ń gba ibẹ̀ jáde díẹ̀díẹ̀, afẹ́fẹ́ ń gbé e lọ, bó sì ṣe ń lọ ló ń mú ooru inú omi tó kù dání. Ìdí nìyẹn tí omi inú àmù fi ń tutù láìsí iná NEPA. Ẹ̀ẹ̀rùn àti ọyẹ́ ló máa ń tutù jù, nítorí afẹ́fẹ́ gbẹ. Lásìkò òjò kò ní fi bẹ́ẹ̀ tutù, ẹ má rò pé ó ti bàjẹ́. Tí ẹ bá kùn ún, ẹ ti dí i nímú.

Ẹ wá iyanrìn sínú abọ́ fífẹ̀, ẹ gbé àmù náà lé e, kí ẹ gbé e síbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ tí oòrùn ò dé. Tó bá jẹ́ ibi kan ṣoṣo ló ń kán tó, tó, tó, á jẹ́ pé ó ti sán níbẹ̀.

Ìkòkò ọbẹ̀ yàtọ̀ síyẹn. Ní Dada, àdúgbò àwọn amọ̀kòkò ní Ìlọrin, bí wọ́n bá ṣe ń yọ ọ́ nínú iná ni wọ́n ń da omi tí wọ́n fi èèpo èso igi irú sè lé e lórí. Á hó ṣàà, ara rẹ̀ á pọ́n dúdú, àwọn ihò yẹn á sì dí. Ìyẹn ni ó ń jẹ́ kí ìsaasùn gba ọbẹ̀ láìjò.

*

*Màmá, ẹ kú ọ̀pọ̀ ọdún. Ọ̀kan nínú àwọn mọ́kànlá tó pàtẹ ni mí. Ilé-ẹ̀kọ́ gíga ni mo ti kọ́ iṣẹ́ yìí. Wọ́n kọ orúkọ àwa tí a kàwé sí abẹ́ iṣẹ́ wa. Lábẹ́ ti àwọn ìyá mẹ́rin tó wà nínú wa, "Ìkòkò ìbílẹ̀" ni wọ́n kọ, àti orúkọ ìlú. Mo sọ̀rọ̀, wọ́n ní bó ṣe máa ń rí nìyẹn. Ṣé mo ń ṣe àṣejù ni?*
*Ọmọ amọ̀ kan, Àgbọ̀wọ́*

Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo ka lẹ́tà rẹ, ọmọ mi. Ojú mi rí ohun tí o sọ yìí.

Àmù ńlá kan wà nítòsí ilẹ̀kùn, o mọ̀ ọ́n, èyí tó pọ́n tí iná sì fi àbàwọ́n dúdú sí i níkùn. Mo bẹ̀rẹ̀, mo ki ọwọ́ bọ ọrùn rẹ̀. Nínú lọ́hùn-ún, níbi tí ọrùn ti so mọ́ èjìká, tí ojú ò lè dé, mo fọwọ́ kan ipa àtàǹpàkò, ọ̀kan tẹ̀lé èkejì, wọ́n yí ọrùn náà po. Mo fi àtàǹpàkò tèmi sínú ọ̀kan. Ó gbà á, àyè sì tún ṣẹ́ kù, nítorí ọwọ́ ẹni tó tẹ̀ ẹ́ fẹ̀ ju tèmi lọ. Mo dìde, mo wo páálí tó wà nílẹ̀: "Ìkòkò ìbílẹ̀. Ìpetumodù." Ó parí síbẹ̀. Ọkàn mi bàjẹ́. Ìlú kò ní àtàǹpàkò.

Àwo kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí wọ́n mọ lórí kẹ̀kẹ́. Orúkọ ẹni tó ṣe é, ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀, ọdún tó ṣe é, gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Ó sì tọ́ sí i. Mi ò ní kí wọ́n yọ ọ́.

Àwọn kan á ní àwọn ìyá wa kì í bìkítà nípa orúkọ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Tí wọ́n bá to ogójì ìkòkò sílẹ̀ ní ebu, ìyá àgbà á nawọ́ sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan: "Ti lágbájá nìyí, ti ìyàwó tàmẹ̀dù nìyẹn." Bí ètè rẹ̀ ṣe yí síta ló fi ń mọ̀, àti bí ọnà ṣe tò sí èjìká rẹ̀. Wọ́n ń kọ orúkọ wọn sára ìkòkò láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Àwa tí a wà ní gbọ̀ngàn Bódìjà ni a kò mọ̀ ọ́n kà.

Mú owó ogún náírà jáde, kí o yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò. Obìnrin tó ń mọ ìkòkò níbẹ̀, Ladi Kwali ni. Abúlé Kwali ló ti kọ́ iṣẹ́ náà lọ́dọ̀ ẹbí rẹ̀ obìnrin, bí àwọn ìyá tiwa ṣe kọ́ ọ gẹ́lẹ́. Ìkòkò rẹ̀ ti wà láàfin ọba Abuja, ìyẹn Suleja òde òní, kí Michael Cardew, òyìnbó tó dá ilé-ẹ̀kọ́ ìkòkò sílẹ̀ níbẹ̀, tó mọ̀ ọ́n. Ní 1954 ló wọ ilé-ẹ̀kọ́ náà, òun sì ni obìnrin àkọ́kọ́ níbẹ̀. Ó gba oyè MBE láti ọ̀dọ̀ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní 1962, Yunifásítì Ahmadu Bello sì fi oyè ọ̀mọ̀wé dá a lọ́lá ní 1977. Ká ní "Ìkòkò ìbílẹ̀, Kwali" ni wọ́n ń kọ sábẹ́ iṣẹ́ rẹ̀ ni, ta ni ì bá mọ̀ ọ́n?

Ní ilẹ̀ Yorùbá tiwa, ìyá kan tó ń jẹ́ Àbátàn wà rí ní Òkè-Ọ̀dàn, ní Yewa, tó máa ń mọ ìkòkò òrìṣà Ẹyinlẹ̀ tí wọ́n mọ ère ènìyàn sórí ọmọrí rẹ̀. Robert Farris Thompson, ọ̀jọ̀gbọ́n ará Amẹ́ríkà, wá a lọ, ó bi í léèrè, ó sì kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ìyẹn la fi ń dárúkọ rẹ̀ dòní. Àwọn orí amọ̀ Ifẹ̀ tí gbogbo ayé ń wò tìyanutìyanu, kò sí ẹnì kan nínú àwọn tó mọ wọ́n tí a lè dárúkọ. Àwọn ìyẹn ti lọ. Àwọn ìyá mẹ́rin tí ẹ jọ pàtẹ yìí ṣì wà láàyè, wọ́n ní fóònù lọ́wọ́.

Àwọn baba wa tó ń sọ ibi tí orí ti ń wá, wọn kò sọ pé ẹnì kan ṣá ló mọ ọ́n. Wọ́n ní Àjàlá ni.

Jẹ́ kí n sọ ohun tí mo ṣe lọ́jọ́ náà. Mo ní kí wọ́n fi ìyá tó mọ àmù yẹn hàn mí. Ó jókòó lórí bẹ́ǹṣì lẹ́yìn gbọ̀ngàn, ó ń jẹ ẹ̀wà. Mo kúnlẹ̀ kí i, mo bi í pé kí ni orúkọ rẹ̀. Orúkọ ọkọ rẹ̀ ló kọ́kọ́ sọ. Mo ní, "Ìyá, tiyín." Ó sọ ọ́, ó fi oríkì tì í. Mo yá bírò lọ́wọ́ ọmọ kan, mo kọ ọ́ sí páálí náà gàdàgbà, mo sì kà á sí i létí. Ó ní kí n tún un kà.

Mi ò kọ ọ́ síbí nítorí mi ò tọrọ àyè ìwé ìròyìn lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Màá tọrọ rẹ̀. Ìwọ ní tìrẹ, kí ìpàtẹ mìíràn tó dé, má fi ọ̀rọ̀ páálí lé ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Mú ìwé dání lọ sí ebu kí ìkòkò tó wọ ọkọ̀. Béèrè orúkọ, béèrè ẹni tó kọ́ wọn níṣẹ́, béèrè ohun tí àwọn fúnra wọn ń pe ìkòkò náà: àmù ni àbí orù, ìsaasùn ni àbí àgbàdà. "Ìkòkò ìbílẹ̀" kì í ṣe orúkọ ìkòkò kankan. O kò ṣe àṣejù rárá.

*

*Mo ra abọ́ aláwọ̀ ewé kan níbẹ̀, ó ń dán bíi dígí. Ìyàwó mi ní òun ò ní bu ọbẹ̀ sínú rẹ̀, pé májèlé lè wà nínú ohun tó ń dán yẹn.*
*Ọ̀gbẹ́ni kan, Àpẹ́tẹ̀*

Ìyàwó yín gbọ́n. Àwọn kan ń lo òjé nínú ohun tí wọ́n fi ń bo ara abọ́ kó lè dán, tòmátì àti ọsàn wẹ́wẹ́ sì lè fà á jáde sínú oúnjẹ. Àwọn amọ̀kòkò tó mọ iṣẹ́ kì í lò ó sára abọ́ oúnjẹ. Àwọn tó ń fi iléru sun ún dé 1,200°C àti jù bẹ́ẹ̀ lọ kò nílò rẹ̀ rárá. Orúkọ ẹni tó mọ tiyín wà lábẹ́ rẹ̀, ẹ wá a kàn, ẹ bi í bóyá ti oúnjẹ ni tàbí ti ọ̀ṣọ́. Títí ẹ ó fi gbọ́ èsì, ẹ kó kọ́kọ́rọ́ ilé sínú rẹ̀.

*

*Ẹ kú àárọ̀, Màmá. Mọ́mì mi ló ń bá mi kọ ọ́. Wọ́n kọ "Má fọwọ́ kàn án" síbi gbogbo. Báwo ni màá ṣe mọ bó ṣe wúwo tó?*
*Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, Ọjọ́ọ̀*

Ọmọ mi àtàtà, ìbéèrè gidi nìyí. Èmi náà fọwọ́ kàn án, ó yẹ kí n ti kọ́kọ́ tọrọ àyè. Sọ fún mọ́mì kí ẹ wọ ọkọ̀ máíkírà lọ sí ọjà Bódè ní òwúrọ̀ Sátidé, kí èrò tó pọ̀. Kúnlẹ̀ kí ìyá tó ń ta ìkòkò, kí o ní o fẹ́ gbé ọ̀kan wò. Má fi ètè rẹ̀ gbé e o, ìdí rẹ̀ ni kí o fi ọwọ́ méjèèjì gbé. Tí o bá ti gbé e sílẹ̀, fi oríkèé ìka kàn án, kí o tẹ́tí sí i bí ìyá àgbà mi ṣe ń ṣe. Lẹ́yìn náà, bi wọ́n pé ta ló mọ ọ́n. Tí wọ́n bá mọ orúkọ náà, kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi.