Ìjì ba ilé jẹ́, orúkọ olóògbé ló wà nínú ìwé ilé

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Ìjì ṣí òrùlé ilé wa ní New Orleans, omi sì wọ yàrá. Ilé bàbá àgbà ìyàwó mi ni. Aláwọ̀ dúdú ọmọ Amẹ́ríkà ni wọ́n. Nígbà tí a béèrè owó ìrànwọ́, wọ́n ní kò sí ẹ̀rí pé àwa la ni ilé, torí orúkọ olóògbé ló ṣì wà nínú ìwé. Ṣé ká kúkú gbàgbé ẹ̀ ni?

Ìdáhùn: Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ bá mi kí ìyàwó yín kú àfaradà. Ẹ má gbàgbé ẹ̀ rárá. Kẹ́ ẹ tó ka èyí tó kù, ẹ wo ọjọ́ tó wà lórí lẹ́tà tí wọ́n fi kọ̀ fún yín. Ọjọ́ 60 ni FEMA, àjọ ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà tó ń ṣèrànwọ́ nígbà àjálù, fún ẹni tó bá fẹ́ pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, láti ọjọ́ orí lẹ́tà ni wọ́n sì ti ń kà á, kì í ṣe ọjọ́ tó tẹ̀ yín lọ́wọ́.

Ilé ẹbí la ó pe irú ilé yìí ní Ìbàdàn. Heirs' property ni tiwọn, ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sínú lẹ́tà yín. Lẹ́yìn tí oko ẹrú tú ká, àwọn aláwọ̀ dúdú ra ilẹ̀ ní Gúúsù Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n wọn ò fọkàn tán ilé ẹjọ́ tó ń dá wọn lẹ́bi lójoojúmọ́. Bàbá á kú láìkọ ìwé ìhágún, àwọn ọmọ á máa gbé ibẹ̀ lọ. Nígbà tí ìjì Katrina jà ní August 29, 2005, ẹgbẹẹgbẹ̀rún irú ìdílé bẹ́ẹ̀ ni kò rí ìwé fi hàn. Wọ́n jà fún un títí, FEMA sì yí òfin náà padà ní September 2021.

Ní báyìí, rìsíìtì owó orí ilé lè jẹ́ ẹ̀rí. Rìsíìtì àtúnṣe ńlá náà lè jẹ́ ẹ̀rí: bí ẹ bá ra páànù lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, ẹ wá ìwé rẹ̀ jáde. Bí gbogbo rẹ̀ bá ti bá omi lọ, kí ìyàwó yín, tó ni ogún, kọ ọ́ fúnra rẹ̀: ọdún tó ti lò níbẹ̀, bí ilé ṣe kàn án, ìdí tí kò fi ní ìwé. Kó buwọ́ lù ú, kó sì kọ nọ́ńbà tí FEMA fún ìbéèrè owó ìrànwọ́ yín sórí ojú ìwé kọ̀ọ̀kan.

Bí wọ́n bá wá fún yín lówó táṣẹ́rẹ́, ìyẹn náà ṣeé pè lẹ́jọ́. Ẹ gba iye tí kọ́ńtírátọ̀ máa gbà sórí ìwé. Ọ̀rọ̀ yìí máa ń dùn mí. Lẹ́yìn Katrina, Road Home, ètò tí ìpínlẹ̀ Louisiana fi ń fún àwọn onílé lówó àtúnṣe, wo iye tí ilé tó kí ìjì tó jà àti iye tí àtúnṣe máa ná wọn, èyí tó kéré jù ni wọ́n fi ṣírò owó. Ilé aláwọ̀ dúdú ní Lower Ninth Ward, àdúgbò kan ní New Orleans, kò sì tó iye ilé kan náà ládùúgbò àwọn aláwọ̀ funfun, bẹ́ẹ̀ iye kan náà ni wọ́n ń ta pákó àti páànù fún àwọn méjèèjì. Wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sílé ẹjọ́ ní 2008. Ní 2011 ni wọ́n parí ẹ̀, tí wọ́n fi $62 mílíọ̀nù kún owó àwọn onílé. Ó ti pẹ́ jù fún ọ̀pọ̀ ènìyàn.

Lẹ́yìn èyí, ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé ìwé ilé náà sórúkọ alààyè. Succession ni wọ́n ń pè é ní Louisiana. Southeast Louisiana Legal Services, ilé iṣẹ́ àwọn agbẹjọ́rò, máa ń ran ẹni tí owó rẹ̀ kò tó lọ́wọ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ mú lẹ́tà yẹn dání bẹ́ ẹ bá ń lọ.