Kí ni ìtumọ̀ "ewé rẹ̀ ni kò pé"?

Ẹnì kan bi mí bóyá òótọ́ ni ohun tí ó gbọ́ lórí rédíò, pé àwáwí àwọn oníṣègùn lásán ni òwe tí ó sọ pé, "Ewé ń jẹ́, oògùn ń jẹ́, oògùn tí kò jẹ́, ewé rẹ̀ ni kò pé." Àlàyé náà bí mi nínú, nítorí ó dá mi lójú pé ẹni tí ó ṣe é kò tẹ̀ lé oníṣègùn wọ igbó rí. Ó rò pé iye ewé tí ó wà nínú ìkòkò ni òwe náà ń kà. Irú èrò bẹ́ẹ̀ ni ó ń mú kí àwọn alágbo ìgboro máa da onírúurú ewé pọ̀ sínú ìgò kan, kí wọ́n sì máa pè é ní gbogbonìṣe.

Èrò tèmi, tí n kò sì ṣetán láti yí padà, ni pé ẹnu olùkọ́ tí ó ń mú ọmọṣẹ́ rẹ̀ rin igbó ni òwe yìí ti jáde. Ewé kò pé bí a kò bá mọ igi tí ó ti wá, ibi tí agbára wà lára igi náà, àsìkò tí a já a àti ọ̀rọ̀ tí a fi pè é. Ẹ wo igi asofẹ́yẹjẹ. Bàbá tí ó kọ́ mi kì í ṣàlàyé rẹ̀ nílé. Yóò mú wa dé ìdí rẹ̀, yóò ní kí a wo bí ewé rẹ̀ ṣe yọ ní mẹ́ta tàbí mẹ́rin yí ojú kan náà ká, yóò fi èékánná já ọ̀kan kí a lè rí oje funfun tí ń sun jáde, yóò sì nawọ́ sí èso pupa wẹ́wẹ́ tí àwọn ẹyẹ ń ṣa jẹ, kí ó tó sọ fún wa pé egbò rẹ̀ ni a fi ń tọ́jú ẹni tí orí rẹ̀ dàrú, àti pé ẹni tí kò bá mọ ìwọ̀n kò gbọdọ̀ wà á. Ní ọdún 1952, nígbà tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní Switzerland yọ èròjà reserpine jáde lára ìbátan igi yìí tí ń hù ní Íńdíà, inú egbò ni wọ́n ti rí i. Èròjà kan náà wà nínú egbò tiwa. Ó ń mú ara ẹni tí ara rẹ̀ kò balẹ̀ rọ̀, ó sì ń fa ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀. Ẹni tí ó bá já ewé rẹ̀ kún apẹ̀rẹ̀ fún iṣẹ́ tí egbò ń ṣe, ewé tirẹ̀ kò pé.

Ìtàn Ọ̀sanyìn náà gbè mí lẹ́yìn. Nígbà tí Ọ̀rúnmìlà ní kí ó lọ ṣán oko, ó kọ̀, ó ní èwo ni kí òun gé: ṣé èyí tí ń wo ibà ni, àbí èyí tí ń wo inú rírun? Ojú oko, níbi tí ewé ti wà lórí ìdúró, ni ẹ̀kọ́ ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ìdí igbá lẹ́kùlẹ́jà níbi tí gbogbo rẹ̀ ti gbẹ.

Ní ti àsìkò tí a ń já ewé, a kì í kí ènìyàn lọ́nà bí a bá ń lọ já a ní ìdájí; ìfọkànsí ni. N kò ní pẹ́ lórí rẹ̀.

Lónìí, àwọn ọmọ wa a ya fọ́tò ewé ránṣẹ́ kí n bá wọn dárúkọ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ fọ́tò kò ní òórùn, kò sì lóje. Àtọmọdọ́mọ àwọn ènìyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Bahia ní Brazil ṣì ń pe pèrègún ní pèrègún, wọ́n sì ń gbin àkòko sí àgbàlá ilé òrìṣà. Àwa tí a ń fi ewé àkòko joyè kò mú ọmọ wa dé ìdí rẹ̀.

Ẹni tí ó bá fẹ́ kọ́ ọ, kí ó wá àgbà ẹlẹ́wé ọmọ kan ní ọjà Bódè, n'Íbàdàn, kí ó bẹ̀ ẹ́ pé kí ó mú òun dé ibi tí ó ti ń já ewé. Ṣùgbọ́n kí ẹni tí ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru láti ọ̀dọ̀ dókítà má ṣe fi egbò asofẹ́yẹjẹ kún un, nítorí iṣẹ́ kan náà ni àwọn méjèèjì yóò máa ṣe, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì lè lọ sílẹ̀ ju bí ó ti yẹ lọ.