Apá ọmọ mi ṣẹ́: ṣé báńdéèjì nìkan tó?

Ìbéèrè: Dókítà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 8, ṣubú nídìí bọ́ọ̀lù ní Ìjẹ̀bú-Igbó níbí, ó fi ọwọ́ tilẹ̀. Wọ́n ya fọ́tò eegun rẹ̀, wọ́n ní eegun apá fún pọ̀ díẹ̀ nítòsí ọrùn-ọwọ́. Báńdéèjì lásán ni wọ́n wé fún un. Ìyá ọkọ mi ní wọn ò tọ́jú ẹ̀, pé ká gbé e lọ sọ́dọ̀ teguntegun. Kí ni ká ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ pẹ̀lẹ́, Mà. Wọ́n tọ́jú ẹ̀ o. Eegun ọmọdé rọ̀ bí ẹ̀ka igi tútù, awọ tó bò ó sì nípọn. Ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀ lè fún pọ̀ kó wú síta, síbẹ̀ kó má já, kó má sì yẹ̀ kúrò láyè rẹ̀. Kò sí ohun tí a fẹ́ fi iṣẹ́ abẹ tò níbẹ̀. Pí-ó-pì gan-an, ìyẹn ohun funfun tó ń gan tí wọ́n fi ń di apá tó ṣẹ́, kì í ṣe dandan. Nínú ìwádìí kan tó jáde ní Bìrìtéènì lọ́dún 2022, lórí ọmọ 965 tí eegun wọn fún pọ̀ báyìí, ìrora àwọn tí wọ́n wé báńdéèjì fún kò ju ti àwọn tí wọ́n fi ohun líle gbé ọwọ́ wọn dúró lọ.

Ẹ fún un ní parasitámọ́ọ̀lù bó ṣe tẹ̀wọ̀n sí. Ẹ lè tú báńdéèjì náà tó bá fẹ́ wẹ̀. Kó sinmi bọ́ọ̀lù fún ọ̀sẹ̀ 3 ó kéré tán.

Ní ti Ìyá wa, àníyàn ọmọ ló ń ṣe wọ́n, ẹ fara balẹ̀ ṣàlàyé fún wọn. Mi ò bú teguntegun. Àwọn ló ń to eegun kí ọsibítù tó dé ilẹ̀ wa. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni ọparun àti okùn tí wọ́n fi ń di apá pinpin. Apá tó ṣẹ́ máa ń wú. Bí okùn ò bá jẹ́ kó ráyè wú, ẹ̀jẹ̀ ò ní dé ìka, ẹran ara á sì bẹ̀rẹ̀ sí í kú láàárín wákàtí díẹ̀. Irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ la máa ń gé nígbà míì, ó sì máa ń dùn mí wọra, torí eegun tó fà á ì bá jinná fúnra rẹ̀.

Eegun tó tẹ̀ kọrọdọ tàbí tó yọ síta lára, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn, ọsibítù ni kíákíá. Bí ìka ọmọ yín bá tutù, tó funfun, tó kú tipiri, tàbí tó ń ké bí ẹ bá na ìka náà, ẹ tú gbogbo ohun tí wọ́n fi wé e, kí ẹ gbé e lọ sí ọsibítù ìjọba ní Ìjẹ̀bú-Òde lóru ọjọ́ náà. Ẹ má dúró de ilẹ̀ mọ́.