Èsì: Wọ́n fẹ́ yọ ilé ọmọ Màmá n'Íbàdàn, wọ́n ní kí n fowó abẹ́rẹ́ ọjọ́ méje ránṣẹ́

Ẹ kú wàhálà, ẹ̀gbọ́n. Bí mo ṣe ka ìbéèrè yín báyìí, ńṣe ni ọgbẹ́ 2022 tún ṣí padà lọ́kàn mi. Fáíbírọ́ìdì ni wọ́n torí ẹ̀ yọ ilé ọmọ Màámi.

Lísìtì wọn gùn bíi lísìtì ẹrù ìyàwó: ìbọ̀wọ́, òwú, omi dírípù, abẹ́rẹ́ lóríṣiríṣi. Mo fowó ránṣẹ́ (ìyẹn ò le, ẹ mọ̀ ọ́n ṣe), àbúrò mi sì ra gbogbo ẹ̀ pé. Àfi bó ṣe di àárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ abẹ tí wọ́n gbé Màámi wọ tíátà, tí abẹ́rẹ́ apakòkòrò (èyí tó ń dènà àkóràn) wà nínú báàgì lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ní wọ́ọ̀dù! Ìgbà tí wọ́n ránkùn tán ni nọ́ọ̀sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń béèrè ẹ̀, tó tún ń jágbe mọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Ọjọ́ méje gbáko ni wọ́n fi gún un, ojú abẹ náà ṣì ṣọyún. Owó tí mo ná lórí wíwẹ ọgbẹ́ yẹn ju ti iṣẹ́ abẹ gan-an lọ.

Ẹ gbọ́ o: èyí tí wọ́n gún kí ọ̀bẹ tó kanra, láàárín wákàtí kan ṣáájú, ni abẹ́rẹ́ gidi. Kòkòrò ojú ara máa ń ráyè wọkùn bí wọ́n bá ti gé ibẹ̀, oògùn gbọ́dọ̀ ti wà nínú ẹ̀jẹ̀ dè é. Apakòkòrò tó ń jẹ́ cefazolin, gíráàmù 2, ni wọ́n sábà máa ń lò. Nílé ní Nàìjíríà, ceftriaxone àti metronidazole, apakòkòrò làwọn náà, lẹ máa rí jù. Bí wọ́n bá lo cefazolin, tí iṣẹ́ náà kọjá wákàtí mẹ́rin tàbí tí ẹ̀jẹ̀ dà púpọ̀, wọ́n á tún un gún. Ó parí. Láti 2016 ni WHO, àjọ ìlera àgbáyé, ti ní kí wọ́n má fa oògùn ìdènà àkóràn gùn lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Ẹ fi ọ̀wọ̀ bi dókítà ohun tí ọjọ́ méje wà fún. Bó bá jẹ́ pé àkóràn ti wà nílẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ yàtọ̀.

Bí pẹnisílínì, apakòkòrò tó bá cefazolin tan, bá ti gbòdì lára Màmá rí, kí wọ́n tètè sọ ọ́. Ẹ má gbọ́kàn lé fáìlì, ẹ̀ẹ̀mejì ni ti Màámi sọnù.

Kí ẹni yín tó wà nílẹ̀ fa oògùn lé dókítà tó ń kunni lóorun lọ́wọ́, kó sì bi í pé, "Ṣé ẹ ti gún un?" Bí wọ́n bá kanrá mọ́ ọn, kó rọra fara dà á.

Ẹ fọkàn balẹ̀, ara Màmá á yá. Tèmi ti padà sóde àríyá, owó aṣọ ẹbí ló ń bi mí báyìí.